Ta Ló Ń Bọ́ Rọ́fíà?

Iṣẹ́ tí mo rí ṣe nílùú òyìnbó, ìgbà mẹ́ta ni Màámi bi mí kó tó gbà pé iṣẹ́ ni. Mo máa ń lọ jókòó sí kíṣìnnì oníkíṣìnnì, màá gbé fọ́ọ̀mù lé itan, màá sì máa wo ọmọ ọlọ́mọ bó ṣe ń kọ oúnjẹ. Bí ọmọ náà bá jẹun, màá kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá jẹ, màá kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá ju kárọ́ọ̀tì lu ìyá rẹ̀ níwájú orí, ibì kan wà tí mo ń fàmì sí fún ìyẹn náà.

"O kàn ń wò ó ni?" Màámi bi mí lórí fóònù.

"Mo kàn ń wò ó ni, Màámi."

"Kí lẹ wá fẹ́ mọ̀ níbẹ̀?"

"A fẹ́ mọ bí òbí ṣe ń pín ojúṣe oúnjẹ pẹ̀lú ọmọ kékeré. Ohun tó jẹ́ ti òbí, àti ohun tó jẹ́ ti ọmọ."

"Háà," ó ní, "wọn ò mọ lèsí ló ń bọ́ ọmọ wọn?"

Bí nǹkan bá ya Màámi lẹ́nu, Ìjẹ̀bú ponbele ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí àwọn Yorùbá yòókù ń pè ní ta ni, lèsí ni lọ́dọ̀ wa. Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ibi tí a ti ń rẹ́rìn-ín ni mo ti gbọ́ ohùn ọmọ kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀ tó ń pe "Màámi! Màámi!" Rọ́fíà ni, ọmọ tí mo bí. Kì í ṣe èmi ló ń pè.

Ọdún kan ààbọ̀ ni Rọ́fíà nígbà tí mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ Màámi ní Òkè-Àgbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Bàbá rẹ̀ ń ṣe olùkọ́ ní Àbígí, lọ́hùn-ún létí omi. Ọjọ́ Jímọ̀ ló ń wọlé, ọjọ́ Àìkú ló ń padà. Mo ti kàwé kan tán ní Àgọ́-Ìwòyè, mo ní kí n lọ fi òmíràn kún un lókè òkun, kí n tètè padà. Ọdún kan ni mo sọ. Ọdún kan di méjì nítorí iṣẹ́ tí mo rí yìí, mo sì ń ṣètò ìwé kí Rọ́fíà lè wá bá mi. Òtútù kò bà mí lẹ́rù, wọ́n ti sọ fún mi nípa òtútù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ọmọ mi á mọ gbogbo ènìyàn tó wà ní Òkè-Àgbò, kò sì ní í mọ̀ mí.

*

Ọ̀gá mi jẹ́ obìnrin gíga kan tó máa ń wọ bàtà àwọn tó ń gun òkè wá sí ọ́fíìsì, nínú ìlú tó tẹ́jú bí àwo. Òun ló là mí lọ́yẹ̀. Ó ní oúnjẹ ọmọdé pín sí ọ̀nà méjì. Òbí ló ń pinnu ohun tí wọ́n máa jẹ, ìgbà tí wọ́n máa jẹ ẹ́ àti ibi tí wọ́n máa jókòó sí. Ọmọ ló ń pinnu bóyá òun máa jẹ, àti bí ohun tí òun máa jẹ ṣe máa pọ̀ tó. Bí òbí bá wọ inú ìpín ọmọ, bí ó bá bẹ̀ ẹ́, tàbí ó halẹ̀ mọ́ ọn, tàbí ó sọ ṣíbí di ọkọ̀ òfuurufú, kí n fàmì sí i. Bí ọmọ bá wọ inú ìpín òbí, kí n fàmì sí ìyẹn náà. Tí a bá ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó mọ bí ilé náà ṣe ń pín ojúṣe.

Mo bi í pé, "Ìyá àgbà ńkọ́?"

"Ìyá àgbà wo?"

"Èyí tó wà nínú ilé."

Ó fi ìka tọ́ka sí ìsàlẹ̀ ìwé náà. Wọ́n kọ "àwọn mìíràn" síbẹ̀, pẹ̀lú àyè kan tí kò tó àtàǹpàkò. Mo wo àyè náà, mo ro agbo ilé wa, mo sì mọ̀ pé ibẹ̀ kò lè gba àwọn ìyàwó ilé nìkan pàápàá.

Torí pé bí wọ́n ṣe bọ́ èmi fúnra mi, kò sí fọ́ọ̀mù tó máa gbà á. Màámi a tẹ́ mi sórí itan rẹ̀ méjèèjì, a fi ọwọ́ òsì ṣe kòtò sẹ́nu mi, a da ẹ̀kọ gbígbóná díẹ̀ sínú kòtò náà, a sì fi àtẹ́lẹwọ́ dí mi nímú. Bí mo bá fẹ́ mí, àfi kí n kọ́kọ́ gbé e mì. Bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ nìyẹn. Ìpín tèmi nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé kí n má kú. Síbẹ̀ mo dàgbà, mo ga, n kò sì bínú sí ẹnikẹ́ni.

*

Ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n rán mi lọ, bàbá kan ló kúnlẹ̀ níwájú ọmọkùnrin ọlọ́dún méjì. Mo ní ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ṣé ó wù ọ́ láti jẹ ẹ̀wà tútù lónìí?" Ọmọ náà ní, "Rárá o, ẹ ṣeun." Bàbá náà ní, "Èmi náà dúpẹ́ pé o sọ fún mi." Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn tán, ẹ̀wà tútù kọrí sínú ike ìdọ̀tí. Mo fàmì síbi tó yẹ kí n fà á sí. Nígbà tí mo wọ bọ́ọ̀sì, ẹ̀rín pa mí débi pé obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí bóyá ara mi yá.

Òfin iṣẹ́ náà ni pé a kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ, ojú wa kò sì gbọdọ̀ sọ nǹkan kan. Mo rò pé mo ń ṣe dáadáa, àfi ọjọ́ tí ọ̀gá mi pè mí wá wo fídíò tí wọ́n ká nínú ilé kan. Ó dá a dúró. Ó fi ìka kan ẹnu mi lójú ẹ̀rọ.

"Kí lò ń ṣe níbí?"

Mo wò ó. Ìyá ọmọ gbé ṣíbí sókè, ọmọ pa ẹnu dé, èmi tí mo jókòó sí kọ̀rọ̀ ya ẹnu sílẹ̀ gbàgà. Wọ́n sún un síwájú. Gbogbo ìgbà tí ṣíbí bá gòkè ni ẹnu mi ń là. Mẹ́tàdínlógún ni ọ̀gá mi kà.

"Mo ń ràn án lọ́wọ́ ni," mo ní.

"Ta ni?"

Kò sí obìnrin ilé wa tó lè rí ọmọ tí wọ́n ń bọ́ kí ẹnu tirẹ̀ má là. Ọ̀gá mi ní kí n máa lo ìbòmú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi aṣọ bo imú bo ẹnu wọ ilé wọn, tí àwọn kan ń bi mí bóyá àìsàn kan tún ti dé.

*

Oúnjẹ ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé àlejò ni mí. Níbi tí a ti ń jẹun ọ̀sán nílé ẹ̀kọ́, mo ṣí abọ́ ìkọ́kọrẹ́ tí mo sè láti àná, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gíréèmù sì ń kọjá. Bí ọmọlúàbí, mo ní, "Ẹ wá bá mi jẹun." Gbogbo wa la mọ èsì rẹ̀ nílé. Onítọ̀hún á ní á gba ibi ire, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Gíréèmù ní ó ṣeun, ó fa àga, ó mú fọ́ọ̀kì jáde nínú àpò rẹ̀, ó sì jókòó tì mí. Ìlàjì abọ́ náà ló jẹ. Ẹja ló fi bẹ̀rẹ̀.

Inú bí mi, n kò ní í parọ́. Ìkọ́kọrẹ́ náà ni ìtùnú mi fún ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo wá ewùrà kiri kí n tó rí i rà. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ ẹ́ tán tó ń nu ẹnu, mo rí i pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó bá mi jẹun láti oṣù mẹ́rin tí mo ti dé. Ní Òkè-Àgbò, kò sí bí ènìyàn ṣe lè dá jẹun kí wọ́n má bi í bóyá ó ń ṣàìsàn. Nílùú òyìnbó, mo máa ń mu gààrí nínú yàrá mi, kí n sì máa gbọ́ ìró eyín ara mi. Ẹni tó bá jẹun tì ọ́ ló ń jẹ́rìí pé o wà láyé. Ọjọ́ kejì, mo sè é pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

*

Rọ́fíà kì í fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Á wo ojú mi fìrí, á sá lọ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Màámi ló wá dá ọgbọ́n kan. Ọmọ náà fẹ́ràn ìṣẹ́kù, bíi gbogbo ọmọ wa; ẹran tí àgbà bá jẹ kù máa ń dùn ju odidi ẹran lọ. Ni Màámi bá gbé fóònù ti ara ọpọ́n ògi tó ń tà, ó bu òkèlè, ó gbé e wá sí iwájú ojú fóònù.

"Yanu, ìwọ yìí."

"Màámi?"

"Mo ní o ya ẹnu! Ọmọ ń wò ọ́."

Ibi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ni mo wà, ọ̀sán gangan. Mo ya ẹnu sí fóònù. Mo pa á dé. Mo jẹ afẹ́fẹ́, mo gbé e mì, mo ní, "Hmm, ó mà dùn o!" Bàbá òyìnbó kan tó jókòó tì mí dìde, ó lọ dúró sínú òjò. Ní Òkè-Àgbò, Màámi yí padà sí Rọ́fíà: "Ó yá o, Mọ́mì ẹ ti jẹ, ó ṣẹ́ eléyìí kù fún ẹ." Ọmọ mi sáré wá, ó sọ "Bísímílà," ó sì gbé e mì.

Bá a ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Mo jẹ iṣu tí n kò fọwọ́ kàn nínú bọ́ọ̀sì, mo jẹ ẹ̀bà níwájú ilé ìkàwé, mo jẹ mọ́ínmọ́ín nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ́fíìsì wa nítorí pé kò síbi tí mo lè sá sí. Inú mi dùn. Mo ń sọ fún ara mi pé mo ń bọ́ ọmọ mi.

Lọ́jọ́ kan, bátìrì fóònù Màámi tán níbi tí a ti ń jẹun lọ́wọ́. Ọkọ mi ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi, torí ọjọ́ Sátidé ni, ó wà nílé. Ó ní Rọ́fíà gbé fóònù náà, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó gbé e fún òun wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ní, "Dádì, Mọ́mì ti kú. Ẹ bá mi fi sí iná."

Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló di ẹkún mọ́ mi lẹ́nu.

*

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo jí fọ́ọ̀mù kan gbé lọ sílé. Mo pe Màámi, mo ní mo fẹ́ wọn ilé tèmi náà wò.

"Ta ló ń pinnu ohun tí Rọ́fíà máa jẹ?"

"Èmi ni. Àfi tí Ìyá Mùkáílà òdìkejì bá ti fún un lẹ́wà. Tàbí tí ìyàwó Àlùfáà bá dín àkàrà. Télọ̀ náà máa ń fún un ní búrẹ́dì, mo ti ní kó yé fi ọwọ́ gírísì fún un."

"Ìgbà wo ló ń jẹun?"

"Bí ebi bá pa á. Tàbí bí ebi bá pa mí."

"Ibo ló máa ń jókòó sí?"

"Jókòó kẹ̀? Ibi tí ọwọ́ bá ti tẹ̀ ẹ́ ni."

"Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ó tó?"

"Mo máa ń tẹ ikùn rẹ̀ wò. Bó bá le, ó tó."

Mo kọ gbogbo rẹ̀. Ọkọ mi gba àmì díẹ̀, torí òun ló ń yọ egungun ẹja fún un lópin ọ̀sẹ̀. Màámi gba àmì títí ó fi kún orí ìlà. "Àwọn mìíràn" kún, ó ya sí ẹ̀yìn ìwé. Ẹnì kan ló ń bí ọmọ, igba ènìyàn ló ń bá a wò ó; mo ti ń pa òwe yẹn láti kékeré, n kò tíì rí i kà lórí ìwé rí. Rọ́fíà fúnra rẹ̀ gba méjì, torí ó máa ń tu ilá dànù. Mo wá dé ìlà tí wọ́n kọ "ìyá" sí. Mo wá gbogbo ojú ìwé náà bóyá àyè kan wà fún ẹni tó ń jẹ afẹ́fẹ́ níbùdókọ̀. Kò sí. Òdo ni mo kọ síbẹ̀. Ó dùn mí wọra, mo sì pa fọ́ọ̀mù náà mọ́ sábẹ́ ibùsùn bí ẹni tó jí nǹkan ńlá.

*

Ilé Tílìdà ni mo ti wá dá ẹ̀ṣẹ̀. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́ta ààbọ̀ ni Tílìdà, ọjọ́ orí rẹ̀ àti ti Rọ́fíà kò ju oṣù kan síra lọ. Búrẹ́dì funfun nìkan ló ń jẹ láti bí oṣù mélòó kan, ìyá rẹ̀ sì ti rù ju ọmọ náà lọ nítorí àníyàn. Lọ́jọ́ náà, òjò ti pa mí. Ìyá náà gbé àwo kan síwájú mi, ẹyin díndín àti sọ́séèjì adìyẹ méjì. Òfin ní ká má jẹ. Ebi sì ní kí n jẹ. Mo ṣí ìbòmú, mo jẹ ẹ́.

Ọwọ́ ló tàn mí. Àgbà ilé wa kì í gbá àwo gbẹ tí ọmọdé bá wà nítòsí; ojú tì mí láti jẹ sọ́séèjì kejì tán níwájú ọmọ. Mo gé e sí méjì, mo na ìlàjì sí Tílìdà, mo ní, "Ó yá, gbà," lédè Yorùbá pàápàá. Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ lórí àga gíga rẹ̀. Ó wá. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó jẹ ẹ́, ó sì dúró pé kí n mú òmíràn wá.

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. Bàbá rẹ̀ sáré sọ̀ kalẹ̀ látòkè, ó rò pé nǹkan ti ṣe ọmọ. Èmi gbé gègé, mo ń wá ibi tí màá fàmì sí.

"O ti ba ilé yẹn jẹ́ fún wa," ọ̀gá mi ní. "Aṣàkíyèsí ni ọ́, o ti di olùfúnnilóúnjẹ."

Kí ó tó pinnu ohun tó máa fi mí ṣe, ìyá Tílìdà ti pè lórí fóònù. Ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí obìnrin yẹn máa wá jẹun nílé òun ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Bí mo ṣe di ẹni tó ń lọ jẹun nílé onílé gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ nìyẹn. Mo jẹ brọ́kólì, mo ṣẹ́ kù. Mo jẹ ẹja, mo ṣẹ́ kù. Tílìdà sanra. Nígbà tí wọ́n tún fọ́ọ̀mù náà tẹ̀, ọ̀gá mi fi ìlà kan kún un: "àlejò tó ń ṣẹ́ oúnjẹ kù fún ọmọ." Mo ya fọ́tò ìlà yẹn, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ará ilé wa. Àṣà Òkè-Àgbò ti wọ ìwé òyìnbó.

Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ kan, Tílìdà fi ọwọ́ kékeré rẹ̀ gbá ọwọ́ mi mú níbi tí mo ti ń bọ́ ọ, ọwọ́ náà gbóná. Mo rántí pé ọmọ tèmi ń jẹun lọ́wọ́ fóònù. Lọ́jọ́ náà ni mo tọrọ ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìwé Rọ́fíà ti jáde. Mo ń bọ̀ wá mú ọmọ mi.

*

Rọ́fíà wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo wọlé. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà." Ó wá wo fóònù ọwọ́ mi, ó ní, "Ṣé Mọ́mì mi wà nínú eléyìí náà?"

"Èmi ni Mọ́mì rẹ."

Ó wo fóònù, ó wò mí. Ó fi ẹ̀kọ́ ilé dákẹ́, bí ọmọ gidi ṣe máa ń dákẹ́ tí àgbàlagbà bá ń parọ́.

Màámi kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Lẹ́yìn ìrun Alásárì ọjọ́ kejì, ó pè mí jókòó. "Mo mọ ohun tí o bá wá," ó ní. "N kò ní í dí ọ lọ́nà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò jẹ lọ́wọ́ rẹ nínú ulé yìí, ṣé inú òtútù ló ti máa jẹ? Ọjọ́ tó bá jẹun lọ́wọ́ rẹ, kó ẹrù rẹ̀. Tí kò bá jẹ, fi í sílẹ̀ fún mi títí yóò fi gbọ́n."

Mo wo ọkọ mi. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ nìyẹn," ó sì padà sí Àbígí.

Mo ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ mi lọ́wọ́, àyà mi kò já. Mo yan ohun tí a ó jẹ, mo yan ìgbà, mo tẹ́ ẹní sí ibì kan náà lójoojúmọ́. N kò bẹ̀ ẹ́, n kò halẹ̀. Rọ́fíà náà mọ ìpín tirẹ̀: kò jẹ nǹkan kan. Á jókòó tì mí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, á ní, "Mo ti yó, mà," á sì jáde. Mo rò pé ebi á mú un padà wá. Àṣé Ìyá Mùkáílà ń na ẹ̀wà sí i lójú fèrèsé. Mo ti fèrèsé. Wọ́n gba orí ọgbà. Mo dúró ti ọgbà, télọ̀ fi búrẹ́dì pamọ́ sínú aṣọ tó wá gbé fún Màámi. Nígbà tí mo pariwo lé wọn lórí, Ìyá Mùkáílà ní, "Ẹ máa wò ó! Ṣé ẹ fẹ́ fi ebi kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ni?" Àlejò lójú, kò fi ríran, mo ti di àlejò nínú ilé tí wọ́n bí mi sí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ń tán lọ. Ó ku ọjọ́ méjì, mo pa ẹ̀kọ́ iṣẹ́ mi tì. Mo se iṣu ní ọ̀sán, mo gún ata sínú epo, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú pálọ̀. Màámi wà lórí àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Mo bu iṣu kan, mo rì í sínú epo, mo fẹ́ ẹ kó tutù, mo sì na ọwọ́ sí ọmọ mi.

Ó wo iṣu náà. Mo rí i pé ebi ń pa á. Kò gbà á, kò sì kọ̀ ọ́. Ó yí orí, ó wo ojú Màámi.

Mo mọ ìwò yẹn. Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ kì í gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀, àfi kó kọ́kọ́ wo ojú ìyá rẹ̀. Bí ìyá bá mi orí, ó gbà á. Bí ìyá bá ṣẹ́ ojú, ó ní òun ti yó. Ojú Màámi kan náà yìí ti dá ẹran padà lẹ́nu mi nínú ilé onílé, kò sì sọ gbólóhùn kan. Ó kọ́ Rọ́fíà bó ṣe kọ́ mi. Kò ju kó ṣẹ́ ojú lẹ́ẹ̀kan lọ, ọmọ náà á sì kù fún un.

Màámi wo ọmọ náà pẹ́. Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti ń fa ọwọ́ mi padà nígbà tó dìde. "Ẹ jẹ́ n lọ wo ògi mi," ó ní. Kò rẹ àgbàdo lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo wa la mọ̀. Ó jáde, ó sì fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀.

Rọ́fíà wo ilẹ̀kùn náà títí. Ó wo àga tó ṣófo. Kò sí ojú mìíràn tó lè wò nínú pálọ̀ yẹn. Ó wá wo iṣu ọwọ́ mi, ó gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ojú mi, ó sì dúró síbẹ̀. Ọmọ mi ń bi mí bóyá kí òun gba oúnjẹ lọ́wọ́ obìnrin yìí.

Mo mi orí sí i pé kó gbà á.

Ó na ọwọ́ méjèèjì. Ní ìta, mo gbọ́ tí Màámi ń gbá àgbàlá tó ti gbá láàárọ̀, kò sì wọlé títí Rọ́fíà fi jẹun tán.